Síídì Tó Fún Àgbò Ní Kẹ̀kẹ́

Agboolé Abẹ́rẹ́ńlá,
Bẹ́yẹrúnkà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta, 1999.

Ọmọ mi Kúbúrá Àjíkẹ́,

Àsàláámù àlékùn. Ṣé dáadáa lo wà l'Ékòó? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bí o bá béèrè wa, a wà, àìsàn ò ṣe wá, owó náà ò sì ṣe wá. Allah tí ò jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ láti ọjọ́ tí mo ti ń ránṣọ kò ní jẹ́ kí òwú já mọ́ ọ lọ́wọ́. Èkó ò ní gbé ọ mì. Ìyá rẹ Àtọ́kẹ́ kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé orúnkún tó ń dun òun ti lọ pe èkejì rẹ̀ wá.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbé sí ẹnu ẹlòmíràn. Kúbúrá, ṣọ́ọ̀bù ti bọ́. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa tó wà lábẹ́ òkè Mápó, níbi tí mo ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn bùbá, Gàfárù ọmọ àbúrò mi ti fi àgádágodo tuntun tì í pa. Maṣíìnì mi wà nínú ẹ̀, aṣọ Iléyá èèyàn mẹ́rìnlá wà nínú ẹ̀, Iléyá sì ku ọjọ́ mẹ́tàlá. Bí mo bá sì sọ ẹni tó fún un ní ṣọ́ọ̀bù náà fún ọ, wàá ní orí bàbá rẹ ti dàrú. Síídì tí o fi ránṣẹ́ ni.

Ọjọ́ tí dẹ́rẹ́bà gbé síídì yẹn àti ẹ̀rọ rẹ̀ dé, a yọ̀ bí ẹni pé ìwọ lo dé. O ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí a ṣe nígbà tí Iléyá ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ku ọ̀la ti fẹ́ máa hu èéhù, lo bá gbé e fún àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà da àwòrán sínú síídì. Mo yẹ síídì wò níwá lẹ́yìn, n ò rí ihò tí wọ́n gbà dà á sí. Ìyá rẹ gbà á, ó fi wé gèlè, ó ní Allah ṣeun, Kúbúrá fi dígí ránṣẹ́. A gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí pálọ̀ Mọ́gàjí, nítorí òun tó jẹ́ olórí ilé wa ló ní tẹlifíṣọ̀n tó dúró ire lágboolé, gbogbo ilé sì wọ́ tẹ̀ lé wa títí dórí àwọn tí kì í kí mi láàárọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára. Mo rí ara mi nínú agbádá funfun, mo jókòó síwájú ilé, ẹnu mi àti ohùn mi wà nítòsí ara wọn bíi tọkọtaya ọ̀sẹ̀ kìíní. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ń rẹ̀yìn. Nígbà tó fi máa di ibi àdúrà, mo ti pa ẹnu dé, mo ti ń jẹ obì, ni a tó gbọ́ tí mo ní kí Ọlọ́run gbà á. Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín o, ọwọ́ ni mo fi di ẹnu mi mú.

Wàhálà wá dé níbi tí mo ti ń pín nǹkan. O rántí pé n kì í dárúkọ tí mo bá ń pín nǹkan, torí bàbá mi sọ fún mi pé ẹni tó bá ń fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ níbi ogún, ikú ló ń kọ́ ní orúkọ ará ilé rẹ̀. Ọ̀pá ni mo fi ń tọ́ka. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ na ọ̀pá sí, ìwọ ni mo fún ní ṣọ́ọ̀bù, o sì ní kí n máa jókòó síbẹ̀ títí o ó fi padà wálé. Mo na ọ̀pá sí Gàfárù tẹ̀ lé ọ, mo fún un ní kẹ̀kẹ́ tí mo fi ń lọ ra aṣọ l'Ójèé. Mo na án sí àgbò tí a so mọ́ òpó, mo sọ bí ẹ ó ṣe pa á. Mo tún wá dá ọ̀pá padà sórí Gàfárù, mo kìlọ̀ fún un kó má bá ọ jà. Bó ṣe rí nìyẹn, ojú rẹ ló ṣe, Mọ́gàjí ò sì sí nílé lọ́jọ́ náà.

Nínú síídì ńkọ́? Mo na ọ̀pá sí ọ, ẹnu mi ń ṣí, ó ń pa dé bíi ti ẹja orí ilẹ̀, kò sí ohùn. Ọ̀pá kúrò lọ́dọ̀ rẹ, ó lọ bà lé àyà Gàfárù, ìgbà náà ni ohùn mi wá dé pẹ̀lú agbára, ó ní, ìwọ tí mo na ọ̀pá sí yìí ni mo fún ní ṣọ́ọ̀bù abẹ́ Mápó, àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, àti maṣíìnì rẹ̀, àti bẹ́ńṣì tí àwọn kọ́sítọ́mà ń jókòó lé.

Gàfárù fò dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní ẹ ṣeun Bàbá, ẹ ò ní kú lójú wa. Ó sì na ọwọ́, ó pa ẹ̀rọ, ó ní tí wọ́n bá ń wo síídì pẹ́ ó máa ń jóná. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Mo lọ bá Mọ́gàjí. Mo ní èmi rèé láàyè, èmi ni mo sọ̀rọ̀, mo mọ ẹni tí mo fún. Mọ́gàjí ní ọjọ́ ogbó ti dé sí mi, àgbà a máa gbàgbé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í gbàgbé. Ó bi mí pé ohùn ta ni a gbọ́. Mo ní tèmi. Ọ̀pá ta ni? Tèmi. Àyà ta ló wà? Mo ní ti Gàfárù. Ó ní kí wá ni mò ń bá òun jà sí. Mo padà sílé, Kúbúrá. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń fura sí ẹnu ara mi. Mo máa dúró síwájú dígí, màá sáré pe Bísímílàì, màá wá ranjú wò ó bóyá ohùn á pẹ́ kó tó dé. Ìyá rẹ ní kí n fi ara mi lọ́rùn sílẹ̀, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ mi, ohùn mi ló máa ń dé kí ọgbọ́n mi tó dé, nítorí náà ohùn tó ń pẹ́ yẹn kò lè jẹ́ tèmi.

Òun náà ló kọ́kọ́ tọ́jú síídì náà. Ó fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn wẹ̀ ẹ́, ó sá a sórí okùn láàárín àwọn ìró rẹ̀, ó ní bóyá èérí Èkó ló dí ohùn lọ́nà. Kò gbọ́. Ni mo bá gbé e lọ bá Olúwọlé tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Bẹẹrẹ. Ọmọ náà ní sùúrù. Ó fi síídì mìíràn sínú ẹ̀rọ wa, ẹnu olórin àti ohùn rẹ̀ bára mu. Ó fi tiwa sínú ẹ̀rọ tirẹ̀, ohùn mi tún ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Ó ní ẹ̀rọ ò ṣẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ò ṣẹ̀, síídì ló ṣẹ̀. Ó tún wo ìbẹ̀rẹ̀, ó fò ó lọ sí ìparí, ó ní ní ìbẹ̀rẹ̀, ohùn fi ìṣẹ́jú ojú kan pẹ́, ní ìparí, ó pẹ́ tó ìgbà tí àgbàlagbà ń wọ òwú sí ojú abẹ́rẹ́. Ó ní nígbà tí wọ́n ń da kásẹ́ẹ̀tì sínú síídì, ọ̀tọ̀ ni òǹkà tí wọ́n fi ka eré àwòrán, ọ̀tọ̀ ni èyí tí wọ́n fi ka eré ohùn, bí fídíò bá sì ṣe ń gùn sí i ni wọ́n ń jìnnà síra. Ó ní kí a wo kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Bí ẹnu àti ohùn bá bára mu níbẹ̀, kí a tún un dà, kí a sì fi òǹkà kan náà ka àwọn méjèèjì.

Ó yé mi yékéyéké. Àwòrán àti ohùn ò wọ mọ́tò kan náà ní Èkó. Àwòrán gba ọ̀nà márosẹ̀, ohùn gba Ìjẹ̀bú Òde. Mo bi í bóyá kí n lọ dúró dè é ní ẹnubodè. Ó wò mí títí, ó fún mi ní omi mu.

Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, Gàfárù ní Olúwọlé tí rédíò tirẹ̀ ń hó bí epo gbígbóná, kí ló mọ̀. Mọ́gàjí ní kí n mú kásẹ́ẹ̀tì wá tàbí kí n gba kámú. Nítorí náà, Kúbúrá, tètè fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́.

Ibí yìí ni mo fẹ́ pa lẹ́tà dé sí, mo ti lá ẹnu ẹ́ńfílọ́ọ̀pù pàápàá, kí Mọ́gàjí tó ránṣẹ́ pè wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo ti wá ya á padà o, torí ọ̀rọ̀ ti yí.

Gàfárù ti rí ẹni tó fẹ́ háyà ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀ láti máa fi fídíò han èèyàn níbẹ̀, ó wá fẹ́ kí àwọn àgbà fọwọ́ sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé síídì sẹ́nu ẹ̀rọ. Ó dé ibi ṣọ́ọ̀bù, ó dọ̀bálẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó sì na ọwọ́ láti pa á. Mo fi Kùránì búra fún ọ, n kò ní ète kankan nínú. Àgbò mi ni mo kàn fẹ́ rí. O rántí àgbò yẹn, oníwo kàǹbọ̀-kàǹbọ̀, tí a ò rí irú rẹ̀ rà mọ́ láti ọdún náà. Mo bẹ Mọ́gàjí pé kó jẹ́ kí n fi ojú kan àgbò mi. Mọ́gàjí, tó jẹ́ pé òun ló jẹ orí rẹ̀, dá itọ́ mì, ó ní kí Gàfárù fi ẹ̀rọ sílẹ̀.

Ọ̀pá bọ́ sórí àgbò. Ohùn ní, ìwọ, mo mọ̀ pé ọ̀lẹ ni ọ́, mo fún ọ ní kẹ̀kẹ́ mi, máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́, má sùn di ọ̀sán mọ́. Àgbò ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ ní tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín, ẹnu ìdájọ́ ni a wà. Mọ́gàjí bèèrè pé àgbò náà dà. Wọ́n ní a ti jẹ ẹ́. Ó ronú, ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn tí àgbò wà nínú ikùn wọn ni àrólé rẹ̀, orí ló sì ṣáájú ara, kí wọ́n lọ gbé kẹ̀kẹ́ náà wá sí yàrá òun. Ta ló máa jiyàn? Ẹ̀rọ kì í gbàgbé.

Ibi tí a ti ń gbé kẹ̀kẹ́ wọlé ni ọ̀pá ti padà dé orí Gàfárù nínú síídì, ó fi ìdí kalẹ̀ sí àárín orí rẹ̀ gan-an. Ohùn mi wá dé. Ó ní eléyìí ti sanra tó. Ní àárọ̀ Iléyá, tí ẹ bá ti kírun tán, ẹ dè é lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kọjú rẹ̀ sí gábàsì, ẹ dú u. Orí rẹ̀, ẹ fún Mọ́gàjí. Awọ rẹ̀, ẹ sá a gbẹ, kí n rí nǹkan fi kírun.

Gbogbo ojú inú pálọ̀ yí sí Gàfárù. Èmi tí n ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹ̀rọ jiyàn, mo kúnlẹ̀, mo bi Mọ́gàjí pé ohùn ta ni a gbọ́. Ó ní tèmi. Mo ní ọ̀pá ta ni. Ó ní tèmi. Mo ní orí ta ló wà. Mọ́gàjí wo Gàfárù láti òkè délẹ̀, bí ẹni tó ń wo ẹran ní káà. Bàbá kan nídìí ilẹ̀kùn ní ọ̀bẹ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ ni.

Kúbúrá, Gàfárù tí ọ̀rọ̀ Olúwọlé ò yé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó yé e kí èèyàn tó húkọ́ tán! Ó fò lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n, ó ń fi ìka tọ́ ẹnu mi lójú dígí, ó ń kígbe pé ẹ wò ó, ẹnu Bàbá ò bá ọ̀rọ̀ yìí mu, ohùn ló ń pẹ́, ọ̀rọ̀ àgbò ni, ẹ jọ̀ọ́, àgbò ló ni ín! Mọ́gàjí fara balẹ̀, ó ní ó dára, bí ọ̀rọ̀ ikú bá jẹ́ ti ẹni tó wà níwájú rẹ nínú ìlà, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ńkọ́, ta ló wà níwájú rẹ níbẹ̀? Gàfárù wo ọ̀bẹ, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Ó ti kó lọ sí Kudeti báyìí, ó ní òun ń bọ̀ tí Iléyá bá ti kọjá dáadáa.

Kẹ̀kẹ́ ṣì wà ní yàrá Mọ́gàjí. Ó ní ti kẹ̀kẹ́ ò tíì yé òun.

Mo ti ń ránṣọ lọ lójú méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ kò pọ̀. Fi owó àgbò ránṣẹ́, torí èyí tí síídì yàn fún wa ti sá lọ. Fi owó òróró orúnkún ìyá rẹ kún un, àti èyí tí màá fún Olúwọlé tó fẹ́ bá wa tún síídì náà dà. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì yẹn, má fi rán dẹ́rẹ́bà mọ́. Fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá. Iléyá kẹta rèé tí o ti ń ní Bàbá, mò ń bọ̀. Ti èmi nínú síídì, àwòrán ló dé, ohùn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ti ìwọ, ohùn ti dé tipẹ́, àwòrán là ń retí.

Allah yóò mú ọ dé láyọ̀, tọkọtọmọ. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ nílẹ̀ ilé. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ wà lọ́rùn mi níbi tí mo ti ń kọ̀wé yìí. N ò tún ní fi ọ̀pá tọ́ka sí ẹnikẹ́ni mọ́. Ọwọ́ rẹ ni màá fi lé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gàníyù Àkànó, télọ̀.