Wọ́n Ti Gbé Ìyá Ẹ Kékeré Sọdá Ààlà

Parfait ọmọ mi, ọmọ Ògúnlékè, ẹni tí mo pọ̀n lọ sóko Yoko tí mo tún pọ̀n bọ̀,

Ṣé àlàáfíà lo jí? Ṣé ìyàwó ẹ wà, ṣé ọmọ ń ṣeré, ṣé omi òkun Kútọnu yẹn ò tíì wọ ilé yín? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ lórí ọ̀pẹ á máa ṣọ́ ẹ. Ọ̀nà ò ní nà ẹ́, ọ̀gá ò ní fojú burúkú wò ẹ́, òkèlè ò ní há ẹ lọ́fun. Àmín. Tí o bá ní èmi náà ńkọ́, ẹsẹ̀ ń dùn mí, ojú ń ríran díẹ̀díẹ̀, ẹnu mi nìkan ló ṣì le, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Léonce onítakisí ni mo ní kó mú ìwé yìí bọ̀. Má fún un lówó, ó ti jẹ iṣu nílé mi, ó sì bu kún un.

Òjò ti rọ̀ ní Aguidi, àgbàdo ti yọrí. Ewúrẹ́ dúdú yẹn bí méjì, ọ̀kan kú, èkejì ò jẹ́ kí n sùn. Wọ́n ti kun ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọ̀dà, ọ̀dà náà ń ṣí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ewúrẹ́ ni mo ṣe mú bírò. Wọ́n ti mú Èjìdé, ìyá ẹ kékeré. Ọjà Pobè ni wọ́n ti mú un, wọ́n gbé e sọdá ààlà sí Nàìjíríà, wọ́n ní àjèjì ni, wọ́n ní kò gbàṣẹ kó tó wọ ìlú. Ìlú wo? Ìlú tí wọ́n bí i sí! Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí ọwọ́ ẹ wà níbẹ̀, n ò sì ní fi epo ra ọ̀rọ̀ náà fún ẹ.

O rántí ọjọ́ tí o ránṣẹ́ pé ká ṣí rédíò, pé o máa bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Gbogbo agbo ilé ló pé jọ sábẹ́ máńgòrò. Èjìdé wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó we gèlè, ó ní ọmọ òun fẹ́ bá ìlú sọ̀rọ̀, òun ò lè wà ní ìhòòhò orí. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wọ ìlú láìníwèé ni wọ́n ń fà. Ọkùnrin kan láti Àjàṣẹ́ ní kí wọ́n rọra, pé ènìyàn ni wọ́n. Ìwọ ní rárá. O ní àwọn ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ onílùú, àwọn ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n, kí ìjọba kó wọn padà síbi tí wọ́n ti wá, kódà kí ó jẹ́ ìyá arúgbó. Parfait, ẹnu ẹ ni mo ti gbọ́ ìyá arúgbó. Èjìdé sì ń jó! Ó ń pàtẹ́wọ́, ó ní ẹ gbọ́ bí ọmọ mi ṣe ń sọ̀rọ̀ bíi mínísítà. Kò sẹ́ni tó rò pé òun lò ń wí, òun gan-an ò rò ó. Èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ yẹn ò bá lára mu, mo dìde síwájú rédíò, mo ní Parfait, ó tó, jókòó. O ò dáhùn. Mo pè ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo fi orúkọ tí bàbá ẹ sọ ẹ́ pè ẹ́, o tún ń bá ọ̀rọ̀ lọ, o wá ń bá ọkùnrin tó ń bi ẹ́ léèrè rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti bí ẹ o ò ṣe irú ẹ̀ sí mi rí. Ọlá àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀ lo jẹ, n ò bá ti bọ́ bàtà.

N ò ní kí ìjọba ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ kó lọ sùn o. Àwọn tó jí alùpùpù Léonce, ọ̀hún ni wọ́n gbé e gbà, a ò sì rí i mọ́. Ìbọn ń dún nínú igbó báyìí, kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ará ọ̀hún náà ti lé wa rí, ṣé o mọ̀? Ọdún tí wọ́n lé àlejò ní Èkó, bàbá ẹ tó ń mọlé fún wọn, tó mọ ilé tí wọ́n ń gbé, báàgì kan ló fi wálé, ó ti gbàgbé bàtà ẹsẹ̀ òsì. Nítorí náà kò sẹ́ni tó máa kọ́ mi ní ohun tí wọ́n ń pè ní lílé. Ṣùgbọ́n olè tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìbọn, ṣé ojú ọ̀nà tí wọ́n ti ń béèrè káàtì ìdánimọ̀ ló máa gbà? Ẹni tí ọwọ́ yín tó ni ẹ ń mú. Ẹ ò rí ejò pa, ẹ wá ń na ẹni tó ń wá ẹ̀fọ́.

Ọ̀rọ̀ káàtì yìí náà, ìgbà tí wọ́n wá tẹ̀ wá ní ìka, tèmi wọlé lẹ́ẹ̀kan, ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ ní ìka mi dára. Ti Èjìdé, ẹ̀rọ ní kò sí ènìyàn níbẹ̀. Wọ́n nu ọwọ́ ẹ̀, wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ̀rọ tún ní kò sí ènìyàn. Agbada gàrí ti jẹ gbogbo ilà ọwọ́ ẹ̀ tán. Gàrí yẹn ni o fi lọ ilé ìwé ní Sakété o, má gbàgbé. Wọ́n ní kó padà wá. Ó ní òun ò lè fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ kó rà nítorí ẹ̀rọ tó fọ́jú.

Bẹ́ẹ̀ ni a lọ sọ́jà Pobè. Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n ń wá àwọn ará ọ̀hún, wọ́n kọ́kọ́ mú Àlíyù, ọmọ Nàìjíríà tó ń ta àlùbọ́sà nítòsí wa. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ Fọ̀n kan láàrin wọn tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ ló bi Èjìdé léèrè káàtì, kò ní. Ó ní, Màmá, ará ibo ni yín? Kí ni àgbàlagbà obìnrin ń sọ tí wọ́n bá bi í bẹ́ẹ̀? Ṣé ilé ọkọ ni yóò dárúkọ bí ẹrú? Èjìdé mú gèlè lé orí dáadáa, ó ní ọmọ Ìlaró lòun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ilé bàbá ẹ̀, Ìlaró tí kò fojú rí rí, tí ó jẹ́ pé bàbá ẹ̀ ló kúrò níbẹ̀ láti ọ̀dọ́ wá kọ ọ̀pẹ ní Aguidi. Ó wá ń fi ojú òsì wò mí bó ṣe ń kì í, o mọ ojú ẹ̀ yẹn. Ṣé kí n gbà kó ta mí yọ ni? Èmi náà bọ́ síwájú, mo ní bó o bá jẹ́ ọmọ Ìlaró, èmi jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, ajíṣebí Ọ̀yọ́ là ń rí, Ọ̀yọ́ kì í ṣe bí ẹnì kan. Àwọn ènìyàn ń pariwo fún wa, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọlọ́pàá náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àṣé kì í ṣe iyì ló ń pín. Ó gba káàtì mi, ó wò ó, ó dá a padà fún mi. Ó di Èjìdé lápá mú, ó mú un lọ sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá tí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣí gbalaja pẹ̀lú Àlíyù, gèlè ẹ̀ jábọ́, mo gbé e. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Mo sá tẹ̀lé wọn dé komisáríà, àgọ́ ọlọ́pàá wọn. Mo ní inú agbo ilé wa ni wọ́n bí obìnrin yìí sí, ẹ̀yìnkùlé ibẹ̀ ni wọ́n sin bàbá ẹ̀ sí, ẹ wá bi sàréè léèrè. Wọ́n ní sàréè ò ní káàtì. Mo ní ìka tèmi nìyí, ó ń kà dáadáa, ẹ bu díẹ̀ níbẹ̀ fún tiẹ̀, ìkòkò kan náà la jọ ń lò láti ìgbà tó ti wọlé bá mi. Ọ̀gá wọn ní Màmá ẹ máa lọ sílé. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, n ò parọ́ mọ́ ọn. Ó ní àwọn náà gbọ́ àṣẹ ni, pé ará ìlú ló ń béèrè ẹ̀ lórí rédíò. Nígbà tó sọ rédíò, mo mú gèlè ẹ̀, mo lọ sílé.

Mo ní kí Sonia ọmọ ilé kejì fi ààlà yẹn hàn mí, ó ní ó wà nínú fóònù òun. Mo rí i, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni. Mo ní kó mú un tóbi kí n rí i dáadáa, ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, igbó tóbi, ọ̀nà tóbi, ilà yẹn ò nípọn sí i. Mo tọ ọ̀nà oko lọ wá a nílẹ̀, mo rìn títí mo fi kan àwọn tó ń fi náírà nájà, n ò tẹ nǹkan kan mọ́lẹ̀. Ṣé ohun tí ojú ò rí ló yẹ kí wọ́n fi ya ènìyàn sọ́tọ̀? Ìwọ tó kàwé, dá mi lóhùn.

Àlíyù ṣe ọmọlúàbí. Wọ́n já wọn sílẹ̀ ní Ìdìrókò, ọmọ tí ẹ pè ní àjèjì yìí mú Èjìdé lọ sílé ìyàwó ẹ̀, Hàmdálàt, wọ́n fún un lómi wẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú un lọ sí Ìlaró pé kó wá ilé bàbá ẹ̀. Wọ́n bi í ní agbo ilé wo, ó ní èyí tó wà nídìí ìrókò. Wọ́n ti gé ìrókò náà, ilé epo ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Ó ń to orúkọ àwọn tí bàbá ẹ̀ máa ń dárúkọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Ó ní komisáríà ni wọ́n ti gbé òun wá, àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Ìyá, ará Kútọnu ni yín. Wọn ò lé e o, wọ́n fún un ní ìjókòó, wọ́n fún un ní oúnjẹ. Wọn ò mọ̀ ọ́n ni. Hàmdálàt sọ fún mi lórí fóònù pé láti ìgbà tó ti Ìlaró dé kò ki ara ẹ̀ mọ́.

Wọ́n wá sọ fún mi ní Pobè pé adájọ́ lè tún un bí. Lórí ìwé ni o. Wọ́n ní tí ènìyàn ò bá ní ìwé ìbí, adájọ́ á jókòó, á bí i, á fún un ní ọjọ́ orí. Mo dúpẹ́. Mo ti tọ́jú oyin àti iyọ̀ àti obì, torí n ò mọ̀ bóyá adájọ́ ló máa ń pèsè tiẹ̀ tàbí àwa, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọjọ́ kẹjọ ni à ń sọ orúkọ àbí lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí mo bi léèrè kàn bojú. Ó ní ohun tó ṣòro ni pé kí àwọn tó mọ ìgbà tí wọ́n bí i wá jẹ́rìí. Gbogbo wọn ti wà nílẹ̀, Parfait. Mo ka sàréè wọn lẹ́yìn ilé fún un, ó ní rárá, ẹni tó lè sọ̀rọ̀. Ó ní tí ọmọ ẹ̀ kan bá wà tó kàwé, tó lè wá dúró, tó lè lọ láti ọ́fíìsì kan dé èkejì, yóò yá. Mo ní ó ní ọmọ. Kò bí, ṣùgbọ́n ó ní. Nígbà tí igbóná ara dè mí mọ́lẹ̀ tí ọmú mi gbẹ, ta ló fi ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀ gbé ẹ títí o fi rìn? Ìwọ fúnra ẹ lò ń pè é ní Ìyá kí o tó mọ èmi.

Má rò pé mo fẹ́ràn ẹ̀ jù. Èjìdé burú. Ó ń yọ ẹran nínú ọbẹ̀ mi, ó ń bú ọbẹ̀ náà fún gbogbo àdúgbò pé omi ni, pé ọkọ wa kú kó lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ojoojúmọ́ ayé la fi ń jà. Báyìí tí mo bá jí, mo máa gbá iwájú ìlẹ̀kùn ẹ̀, n óò bú u díẹ̀, n óò dúró de èsì.

Lánàá Hàmdálàt tún pè. Ó ní ó ti dùbúlẹ̀, kò jẹun, wọ́n ro àmàlà, wọ́n se ìrẹsì, ó ń yí ojú sógiri. Wọ́n bi í pé kí ló fẹ́, ó ní ọbẹ̀ ìyáálé òun.

Ọbẹ̀ wà lórí iná bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mo ti fi iyọ̀ sí i dáadáa kó má baà rí ẹnu sọ. Tí ilẹ̀ bá mọ́, Léonce á já mi sí Igolo létí ààlà kó tó kọrí sí ọ̀dọ̀ ẹ, n óò gba ọ̀nà oko sọdá. Wọ́n ní mo nílò ìwé kan kí n tó wọ ọ̀hún, n ò ní in. Tí wọ́n bá bi mí ní ará ibo ni mí, n ò ní dárúkọ Ọ̀yọ́ mọ́, Aguidi ni n óò wí, kí wọ́n ṣe mí bí wọ́n bá ti fẹ́. N ò ní fi í sílẹ̀ bọ̀.

Owó ni mo ń béèrè báyìí, o ò ní sọ pé lẹ́tà mi ò ní ìbéèrè. Owó ọkọ̀, owó ìwé adájọ́, owó oògùn tí Hàmdálàt ti ń ra láìbéèrè. Má fi sínú fóònù. Èyí tí o fi síbẹ̀ kẹ́yìn, ọmọ tó wà nínú àpótí tí a ti ń gba owó fóònù ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí mi, mo pè é sókè kí gbogbo èrò gbọ́, torí n kì í ṣe olè, n ò ní àṣírí. Kí n tó délé owó ti lọ. Mú un wá fúnra ẹ. Mú ara ẹ wá, kí o gbé ohùn tí o fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn wá síwájú adájọ́, kí o fi pe Èjìdé ní ìyá ẹ.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí wọ́n bi ẹ́ pé ará ibo ni ẹ́ níbi tí o ti sin bàbá ẹ. Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ á mọ ẹsẹ̀ ẹ. Ọmọ tí o bí ò ní fi ẹnu ẹ̀ lé ẹ jáde. Kí ìwé yìí tó kàn ẹ́, n óò ti ti ilé. Tí o bá dé tí o ò bá ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà, má pariwo, àwọn ìyá ẹ méjèèjì wà ní Ìdìrókò, wọ́n ń ṣe àjèjì.

Èmi ìyá ẹ,
Rébecca, ìyáálé Èjìdé.