Alùpùpù Tí Wọ́n Pè Ní Pàǹtírí

Yàrá Kẹta, Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà, ọdún 2019.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìmọ́tótó Àdúgbò,
Ọ́fíìsì Ìjọba Ìbílẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸJỌ́ ALÙPÙPÙ ỌKỌ MI TÍ ÀWỌN ÒṢÌṢẸ́ YÍN GBÉ LỌ

1. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìyàwó tuntun ni mí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹ bá mi fojú fo ibi tí mo bá ti ṣì í kọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ yín gbé alùpùpù ọkọ mi kúrò lábẹ́ fèrèsé wa, wọ́n jù ú sẹ́yìn ọkọ̀ akólẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé pàǹtírí tí kò lólúwa ni.

2. Ó lólúwa. Bàbá ọkọ mi ló gùn ún títí wọ́n fi kú, ọmọ wọn ló jogún rẹ̀. Inú ọgbà ló wà, kì í ṣe ojú títì, onílé sì mọ̀ sí i. Lóòótọ́, kò ní táyà níwájú, iná rẹ̀ sì wà lórí tábìlì oúnjẹ wa. Ṣùgbọ́n aṣọ ibùsùn tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó la fi bò ó. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ta ló ń fi aṣọ ibùsùn tuntun bo pàǹtírí?

3. Èmi nìkan ló wà nílé nígbà tí wọ́n bèèrè orúkọ ẹni tó ni ín. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, ẹnu mi kò tíì gbà á láti pe ọkọ mi lórúkọ, àní nígbà tó bá ku àwa méjì, ká má tíì sọ níwájú ọkùnrin mẹ́ta tó wọ bàtà òjò. Mo ní tiwa ni. Wọ́n ní ta ni ẹ̀yin? Mo ní ti bàbá ilé yìí ni. Wọ́n ní ṣé onílé ni? Mo ní rárá. Ojú tì mí, mo wolẹ̀. Bí mo ṣe ń wolẹ̀ ni wọ́n ń gbé e.

4. Kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n gbé: ọdún pọ̀ tí alùpùpù náà ti wà nílẹ̀. Òjò gba ihò pílọ́ọ̀gì wọ inú ẹ́ńjìnnì, písítìn sì dípẹtà, ó gan mọ́ inú sìlíńdà. Mẹ́káníìkì ní kí a fi òòlù gbá a. Ọkọ mi, tó jẹ́ káfíńtà, kọ̀. Ó ní ohun tó bá gan, sùúrù ni wọ́n fi ń tú u. Ó po epo dísù mọ́ ọ́ìlì, ó ń rọ díẹ̀ sí ihò náà láràárọ̀. A ó ki í sí gíà, òun á máa ti táyà ẹ̀yìn síwá sẹ́yìn jẹ́jẹ́, èmi á fi ìka lé ihò láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ń jáde, ìyẹn ni pé písítìn ti ń sún. Àwọn nọ́ọ̀tì tó dípẹtà, omi ọsàn wẹ́wẹ́ la fi sè wọ́n, nínú ìkòkò tí ìyá ọkọ mi fún wa. Màmá wá kí wa, wọ́n ṣí ìkòkò, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá rọra bi mí bóyá bí wọ́n ṣe ń sebẹ̀ nílé tiwa nìyẹn.

5. Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀, èmi náà kò sàn jù ú lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, "ẹ kú àárọ̀" àti "oúnjẹ ti délẹ̀" ni gbogbo ọ̀rọ̀ ilé wa. Ìdí alùpùpù yìí la ti ń bára wa sọ̀rọ̀. Á ní kí n na sípánà sí òun, màá bèèrè pé èwo, ọ̀rọ̀ á sì máa fa ọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn gan-an, táyà yí díẹ̀, afẹ́fẹ́ fẹ́ fùú lábẹ́ ìka mi. Ó wojú mi, ó ní, "Ìyàwó mi, ó ti sún." Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó fi ayọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Kí ó tó dé, àwọn òṣìṣẹ́ yín ti dé. Láti ọjọ́ náà, a ti padà sí "ẹ kú àárọ̀".

6. Mo wá sí ọgbà yín lánàá. Mo bá a lẹ́bàá ògiri, òjò ń pa á. Bàbá ẹ̀ṣọ́ kò jẹ́ kí n rọ epo sí i; wọ́n ní kí ni mo gbé sínú ìgò tí mo fi pamọ́ sábẹ́ ìborùn. Wọ́n wá ní kí àwọn bá mi tapá sí i wò bóyá ẹ́ńjìnnì á dáhùn. Èmi tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ohùn mi, mo figbe ta, gbogbo akọ̀wé yín yọrí lójú fèrèsé. Ẹ má bínú. Bí wọ́n bá tapá sí i báyìí, òrùka písítìn á kán, gbogbo sùúrù wa á sì wọmi.

7. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ dá a padà fún wa. Ọkọ mi yóò mú ìwé rẹ̀ wá, yóò sì fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ara rẹ̀. Bí ó bá máa pẹ́, ẹ jẹ́ kí n máa wọlé láràárọ̀ wá rọ epo sí i. N kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì tapá sí i, títí kan ẹ̀yin Ọ̀gá fúnra yín. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu ọkùnrin.

8. Bí ó bá dìde, ọ́fíìsì yín ni àwa méjèèjì yóò kọ́kọ́ gùn ún wá, láti dúpẹ́. Ọkọ mi ní ariwo rẹ̀ á pọ̀, èéfín rẹ̀ á sì ju ariwo lọ. Mo tètè sọ fún yín, kí wọ́n má baà tún gbé e.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ìrètí,
Ìyàwó Káfíńtà,
Ìyàwó Ilé, Yàrá Kẹta.