Alhaja Hàbíbàt Oríyọmí Fàsásì (1959–2025): Wolé-wolé Tó Di Akẹ́kọ̀ọ́

Ní ọdún 1959 ni wọ́n bí Alhaja Hàbíbàt Oríyọmí Fàsásì sí agbo ilé baba wọn ní Itamaga, Ìkòròdú. Alhaji Jẹ̀lílì tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ni baba wọn. Ìyá wọn, Alhaja Fàlílátù, jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́. Alhaja Hàbíbàt lọ sí ilé kéwú, wọ́n sì parí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní 1978. Yunifásítì wù wọ́n, ṣùgbọ́n àbúrò pọ̀ nílẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n wá.

Ní 1983 ni wọ́n di ìyàwó Alhaji Abdulhakeem Fàsásì, tí wọ́n papòdà ní 2014. Ìyá wa ṣe wolé-wolé ní ìjọba ìbílẹ̀ títí di 2019. Àwọn alápatà Ìkòròdú ò ní tètè gbàgbé ojú tí Ìyá fi ń wo ẹran. Wọ́n tún jẹ́ alága ẹgbẹ́ Àsàlátù obìnrin ní mọ́sáláṣí wọn.

Ní 2021, wọ́n wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kan náà ti ń kọ́ ìtàn, orin, ìmọ̀ ìràwọ̀ àti ìmọ̀ èrò pọ̀. Àwa ọmọ ò fara mọ́ ọn. Saheed, àkọ́bí, bi wọ́n pé: "Màámi, kí lẹ fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe?" Wọ́n ní: "Èrò tèmi ni mo fẹ́ mọ̀ kí n tó kú." Ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń bá àwọn ọmọ kéékèèké jiyàn nídìí oúnjẹ. Orin nìkan ló fìyà jẹ wọ́n. Ìyá ò lóhùn, kì í ṣe àṣírí.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, ẹni tó bá fẹ́ gboyè gbọ́dọ̀ mú ìbéèrè kan tirẹ̀, kó sì dúró níwájú gbogbo olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ láti dáhùn rẹ̀. Ti Ìyá ni pé: ṣé èèyàn lè bọ̀wọ̀ fún àṣà, kó sì tún máa bi í léèrè?

Ní oṣù Karùn-ún 2025, ọjọ́ tí wọn yóò dáhùn ku ọ̀la, wọ́n wá síbi ìsọmọlórúkọ ọmọ tí Dùnsìn, èkejì nínú àwa ọmọ, bí ní Itamaga. Pípẹ́ ní Ẹ̀pẹ́ ti jẹ́ kí wọ́n gbàgbé pé Orò ń jáde ní Ìkòròdú lọ́jọ́ kejì, obìnrin ò sì gbọdọ̀ rìn níta. Bùnmi, àbígbẹ̀yìn, ní òun yóò fi mọ́tò gbé wọn jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n kọ̀: "Orò bàbá mi ni. Mi ò ní yọ́ jáde."

Orí fóònù ni wọ́n ti dáhùn, nínú pálọ̀. Nítorí pé òfin ní kí wọ́n dúró, ìdúró ni wọ́n wà títí tó fi parí, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n. Bùnmi nìkan ló rí wọn. Olùkọ́ kan béèrè ìdí tí wọn ò fi wá. Wọ́n ní: "Mo bọ̀wọ̀ fún Orò ni mi ò ṣe jáde. Àmọ́ ta ló bi àwa obìnrin rí, kí wọ́n tó tìlẹ̀kùn? Ìyẹn náà ni mò ń béèrè."

Àwọn olùkọ́ yìn wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní iwájú èèyàn ni òfin sọ, kí wọ́n padà wá ní oṣù Kẹsàn-án. Ìyá ò bá wọn jà. Àìsàn dé ní oṣù Keje, wọ́n sì dákẹ́. Èyí dùn wá gan-an.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé lọ: Saheed, Dùnsìn àti Bùnmi, àti ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ fún wọn ní ìwé-ẹ̀rí lẹ́yìn ikú. Saheed ló ní rárá, Màámi ò tíì parí, wọn ò sì ní gba ohun tí wọn ò parí. Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ má ṣe fi oyè kún orúkọ wọn. Ẹ kọ ọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n.

Kí Ọlọ́run ṣe ibojì yín ní ìrọ̀rùn, Màámi. Ó dàárọ̀ o.