Páásípọ́ọ̀tù Kóòṣì Ìdírísì

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù kejì, 1996

Onílé ránṣẹ́ pè mí lọ́sàn-án. Onílé ni mò ń pè é nínú ìwé yìí. Òun ló ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, òun náà ló ni ilé tí èmi, Mojísọ́lá ìyàwó mi àti Èyítọ́pẹ́ ọmọ wa ń gbé ní Upper Sakponba, ní Benin.

Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ó gbé páásípọ́ọ̀tù pupa kan lé mi lọ́wọ́. Ti Kóòṣì ni. Ó ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní wọ́n fẹ́ tún ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣe. Irọ́ ni. Kóòṣì méjì ló ti fi wá sílẹ̀ láàárín sáà, a sì tún wà nípò kẹta láti ìsàlẹ̀. Eléyìí ò ní lọ, ó ní. "Títíloyè, ọwọ́ rẹ ni kó wà. Tó bá béèrè, sọ pé ó wà ní Èkó."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni sà ni iṣẹ́ mi.

Mo fi í sábẹ́ aṣọ òkè ìgbéyàwó wa nínú àpótí. Mojísọ́lá ò tíì ti ibi iṣẹ́ dé.

Ọjọ́rú, 7 oṣù kejì

Kóòṣì béèrè. Mo ní Èkó. Ó rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù kejì

Mo yà sọ́dọ̀ Kóòṣì ní Ikpoba Hill lẹ́yìn ìsìn. Ó ń fi omi gbígbóná jó orúnkún rẹ̀. Láìjẹ́ pé mo bi í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀tàn ara rẹ̀.

Abúlé kan láàárín òkè ni wọ́n bí i sí, ní Wélísì. (Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní ará England. Ó ti bá gbogbo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jà sí i.) Òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé ni wọ́n ń gé níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ gé e títí eruku fi ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni òun nígbà tí ẹgbẹ́ kan ní England mú un. Ẹ̀yìn lápá òsì ló ń gbá, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó lé ní irinwó ìdíje. Orílẹ̀-èdè rẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀mejì péré. Nínú ìkejì, bọ́ọ̀lù bà á lẹ́sẹ̀, ó sì wọ àwọ̀n ẹgbẹ́ tiwọn fúnra wọn. Wọn ò pè é mọ́. "Kò sẹ́ni tó rántí irinwó yẹn," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni wọ́n rántí."

Lẹ́yìn náà orúnkún bàjẹ́. Ó ń wa ọkọ̀ wàrà láti ojúlé dé ojúlé. Ìyàwó lọ. Ó wá kọ́ṣẹ́ kóòṣì — àwọn ọmọ iléèwé, àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké, Kípírọ́sì, Málítà. Gbogbo ibẹ̀ ni wọ́n ti lé e. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta báyìí. Ó ní Benin nìkan ni ibi tí wọn ò tíì lé òun.

Ó rẹ́rìn-ín. Mo wo ilẹ̀.

Ọjọ́rú, 21 oṣù kejì

Ìtúnu ààwẹ̀, láti àná. Àbúdù awakọ̀ wa, ọmọ Ìkàrẹ́ bíi tèmi, pe Kóòṣì wá jẹun nílé rẹ̀. Idris ni wọ́n sọ Kóòṣì níbi ìsọmọlórúkọ, àmọ́ Ìdírísù ni Àbúdù ń pè é, ó sì ti gbà pé ará wọn ni. Àgbàlagbà kan bi í pé kí ló dé tí òun ò rí i ní yídì. Kóòṣì ní orúkọ ọba kan láyé àtijọ́ ni orúkọ òun, nílùú àwọn. Àgbàlagbà náà ní kò burú, ọba náà máa ń kírun. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kóòṣì jẹ ẹran àgbò títí ó fi làágùn.

Ọjọ́ kan tí mo gbàgbé nǹkan tó wà nínú àpótí.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 oṣù kẹta

Mo bá a lọ sí ilé tẹlifóònù láàárọ̀. A tò fún wákàtí méjì gbáko. Nígbà tí wọ́n so ó pọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè kan tí mi ò gbọ́ rí, èyí tó ń ti ọ̀nà ọ̀fun wá. Àwọn tó wà lórí ìlà yíjú wò ó.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ látọjọ́ yìí ti pòórá lórí rẹ̀, èdè ilé nìkan ló kù. Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ sì wà ní ìhà England, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ tó gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, òun nìkan lọmọ. Nọ́ọ̀sì ní láràárọ̀ ni ìyá ń pariwo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àwọn ò sì mọ̀ bóyá omi ló ń béèrè tàbí nǹkan ló ń dùn ún. Wọ́n gbé tẹlifóònù sí i létí. Kóòṣì gbọ́ ọ, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Kọ́tìnì. Ó fẹ́ kí wọ́n ṣí kọ́tìnì.

Nínú ọkọ̀ ó ní, "Títì, mo nílò páásípọ́ọ̀tù mi."

Mo ní màá bá wọn sọ̀rọ̀ ní Èkó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 oṣù kẹta

Mo ṣí i wò nígbà tí mo dá wà. Ní ẹ̀yìn rẹ̀ ó fi bírò kọ ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ kàn sí bí nǹkan bá ṣe é. Ìyá rẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 oṣù kẹta

Mojísọ́lá ń wá ìborùn. Ó rí i. Ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo fọ́tò Kóòṣì nínú rẹ̀. Mo ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé títí, mo tún tún un sọ. Nígbà tí mo parí, ó bi mí ní ìbéèrè kan: bí wọ́n bá lé wa níbí, ibo ni a ó lọ? Ó fi aṣọ òkè bò ó padà, ó ti àpótí.

Ìbá tiẹ̀ bá mi jà.

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù kẹta

A fìdí rẹmi lánàá. Mo lọ bá Onílé. Mo ní, sà, ìyá ọkùnrin yìí ń kú lọ, ẹ jẹ́ kó lọ fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Ó ní àwọn méjì tó lọ náà ní ìyá. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá òrùlé ilé wa ṣì ń jò. Mo ní kò jò mọ́.

"Ó dáa," ó ní. "Ilé tí kò jò ò wọ́pọ̀ ní Benin."

Ọjọ́rú, 13 oṣù kẹta

Kóòṣì wá jẹun nílé wa. Mojísọ́lá ló pè é, kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Iyán àti ẹ̀fọ́. Ó gbọ́ tí mo ń bá Èyítọ́pẹ́ sọ Yorùbá, tí ọmọ ń dá mi lóhùn ní pijin: "I don finish am, Daddy." Ó bi í pé ṣé kò gbọ́ èdè bàbá rẹ̀ ni. Ọmọ ní òun gbọ́, àmọ́ ojú máa ń ti òun láti sọ ọ́. Kóòṣì wá kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kan ní èdè tiwọn: bara. Búrẹ́dì ni. Èyítọ́pẹ́ ń sọ ọ́ káàkiri ilé — bara, bara.

Kóòṣì ń wò ó. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní àti ọjọ́ mẹ́ta tí òun ti bá wọn sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó tíì bá ìyá òun sọ ọ̀rọ̀ kan tó yé e.

Ó kọjú sí mi. "Títì, ó dá ọ lójú pé Èkó ló wà?"

Mo ní ó dá mi lójú.

Mojísọ́lá dìde, ó kó àwọn àwo lọ sí kíṣìnnì. Kò jáde mọ́ títí àlejò fi lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 17 oṣù kẹta

A borí. Méjì sí òdo. Onílé ń jó lórí pápá. Kóòṣì ò dìde lórí bẹ́ǹṣì.

Ọjọ́bọ̀, 21 oṣù kẹta

Mojísọ́lá ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ àfi ti oúnjẹ àti ti omi.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 oṣù kẹta

Kóòṣì fúnra rẹ̀ lọ bá àwọn imigiréṣọ̀n. Wọ́n tú gbogbo fáìlì wọn, kò sí tirẹ̀. Kò sí ní Benin, kò sí ní Èkó, kò sẹ́ni tó mú un wá rí. Ọ́fíìsì mi ló gbà wá. Ó jókòó síwájú mi, kò pariwo. Ó ti tẹ ilé ìwòsàn láago láàárọ̀: ìyá ti kọ oúnjẹ.

"Wọ́n ní àwọn ò rí i rí, Títì."

Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀. Ó sì mọ̀ pé mo mọ̀.

Mo ní màá lọ wò ó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 oṣù kẹta

Mo fi páásípọ́ọ̀tù sápò láàárọ̀. Mojísọ́lá rí mi níbi àpótí. Ó bá mi di bọ́tìnnì kọ́là mi.

Orí pápá ni mo ti bá Kóòṣì, ó ń kọ́ àwọn ẹlẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń dá ẹni tó ń sáré bọ̀ dúró. Mo nà án sí i. Ó gbà á, ó ṣí i, ó tì í sínú àpò.

"Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì."

Ó ka iye ọjọ́ lábẹ́nu. "Ọjọ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta," ó ní.

Mo na ọwọ́. Kò gbà á. Ó padà sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́yìn, ó sì parí ẹ̀kọ́ náà — kò fo ìkankan, ó tiẹ̀ dá ẹlẹ́yìn apá òsì dúró, ó tún ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé fún un. Lẹ́yìn náà ó wọ ọkọ̀. Àbúdù gbé e lọ sí Èkó kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ọjọ́ Ajé, 25 oṣù kẹta

Èmi fúnra mi ni mo lọ sọ fún Onílé. Kò bínú, tàbí kò fi hàn. Ó pe ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé fún un, ó sọ lẹ́tà kan fún un kó tẹ̀ ẹ́: pé Kóòṣì já ọ́fíìsì mi, ó jí páásípọ́ọ̀tù àti àwọn ìwé ẹgbẹ́, ó sá lọ. Orúkọ mi wà nísàlẹ̀. "Fọwọ́ sí i. Kò sí nǹkan tó máa yí padà, iṣẹ́ rẹ, ilé rẹ."

Mo mú bírò. Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí pé mo mú bírò. Ó pẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo gbé e sílẹ̀.

"Ìparí oṣù," ni Onílé wí, ó sì gbé tẹlifóònù rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù kẹta

Siluko Road. Yàrá méjì lẹ́yìn ilé iṣẹ́ káfíńtà. Eruku igi wọ inú gààrí. Òrùlé ń jò lójú méjì. Mojísọ́lá ní, "Bàbá Èyítọ́pẹ́, ẹ bá mi di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yẹn mú." Mo dì í mú. A to bẹ́ẹ̀dì náà pọ̀, àwa méjèèjì.

Ọjọ́rú, 10 oṣù kẹrin

Àbúdù wá kí wa. Ó jókòó sórí pákó níta, ó mu omi. Kóòṣì tẹ ẹgbẹ́ láago lánàá, òun Àbúdù ló gbé tẹlifóònù. Ọkọ̀ òfurufú tó rí wọ̀ dé ọ̀hún láàárọ̀ Ajé tó tẹ̀ lé ọjọ́ tó kúrò níbí. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni ìyá kú.

Ọjọ́ kan.

Àbúdù ní ó béèrè àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó béèrè ẹlẹ́yìn apá òsì, bóyá ó ti ń gbé ẹsẹ̀ dáadáa. Ó kí Mojísọ́lá. Ó ní kí wọ́n bá òun kí Èyítọ́pẹ́.

Mo dúró kó parí. Ó ti parí.

Mo bi í bóyá ó dárúkọ mi. Àbúdù wo inú ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Rárá, sà," ó ní. "Mo dúró dè é. Kò dárúkọ yín."

Mo gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọlé lọ bu omi mìíràn wá fún un.