Wọ́n Fi Oríkì Mi Ki Oníbodè Tó Ta Ìlú

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, nírọ̀lẹ́ àná, ọjọ́ Sátidé, lórí pápá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa. Ọba wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìjòyè. Ọmọ mi obìnrin wà níbẹ̀. Bàbá ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ obìnrin. Èmi ni mo pè wọ́n wá láti Gbọ̀ngán, mo sì sọ fún ọmọ mi pé kó mú wọn jókòó síwájú kí wọ́n lè rí mi dáadáa. Wọ́n rí mi. Wọ́n rí mi tí mo fa ilẹ̀kùn odi ìlú lulẹ̀ fún ọ̀tá, wọ́n sì gbọ́ oríkì ìdílé mi nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn bí oríkì ilé tó ta ìlú. Ẹ̀yin òǹkàwé, n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, n kò sì kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn rí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ èyí kí n tó ṣe ohun tí n kò ní lè yí padà mọ́.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa. Àgbẹ̀ kòkó ni mí. Ìkirè àti Apòmù, ọ̀kan nínú méjèèjì ni mò ń gbé, n kò ní sọ èwo. Apá Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá dáko síbí, ibí ni wọ́n sì bí mi sí. N kò tètè kàwé, ìyàwó mi ti bímọ kí n tó wọ ẹ̀kọ́ àgbà, òun ló máa ń di àtùpà mú fún mi. Ó kú, ọdún kẹta rèé. Láràárọ̀ tó bá kúnlẹ̀ kí mi, ó máa ń ki oríkì ìdílé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í fo ibì kankan. Èmi kì í dáhùn ju "oo" lọ. Nígbà tó lọ tán, ilé dákẹ́. N kò mọ̀ pé ohun tí mò ń jẹ nìyẹn láàárọ̀ kí n tó jẹun.

Télọ̀ ni mo máa pe ọ̀rẹ́ mi, torí iṣẹ́ aṣọ rírán ló ń ṣe. Ẹgbẹ́ ni wá. Ilẹ̀ ìdílé wọn ni bàbá mi gbin kòkó sí, ìdí kòkó náà la sì sin ìyàwó mi sí. Ìyàwó Télọ̀ ló tọ́jú ìyàwó mi títí gbogbo àìsàn yẹn fi parí, ó sì wà lára àwọn tó wẹ̀ ẹ́ nígbà tó kú. Ẹ má gbàgbé ìyẹn o. Èmi náà ò gbàgbé.

Láti ìgbà tí wọ́n ti fún wa ní ìpínlẹ̀ tiwa, ìlú kọ̀ọ̀kan ló fẹ́ ní ọjọ́ tirẹ̀, Télọ̀ àti àwọn kan sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń fi ogun àtijọ́ ṣeré. Kì í ṣe eré orí ìtàgé. Wọ́n fẹ́ kó rí bó ṣe rí gan-an láyé àwọn baba ńlá wa, aṣọ tí wọ́n wọ̀, bí wọ́n ṣe tò, bí wọ́n ṣe pàgọ́, ohun tí wọ́n jẹ lójú ogun. Sátidé Sátidé la máa ń pàdé. Télọ̀ fi àpò ìyẹ̀fun rán gbérí, ẹ̀wù ogun, fún wa, ó rì í sínú omi èèpo igi títí ó fi pọ́n bí erùpẹ̀, ó to tìrà awọ sí i láyà, páálí ló kì sínú tìrà náà. Àwọn ọdẹ mú ìbọn ṣakabùlà tiwọn wá, ẹ̀tù nìkan ni wọ́n ń kì sí i. Àwa yòókù fi igi gbẹ́ tiwa. Télọ̀ kì í gba gbẹ̀rẹ́. Tó bá rí aago lọ́wọ́ ẹnì kan, á pariwo pé, "Bọ́ ọ o! Ṣé ojú ogun ni wọ́n ti ń wo aago, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí wọ́n máa lọ sílé?" Awakọ̀ kan wà láàárín wa tó ń ṣe Balógun, ó ní eyín góòlù kan. Télọ̀ ní kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín títí ogun á fi parí.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀ pẹ̀lú àdá oko mi, ó kígbe pé, "Bàbá Kòkó, káàbọ̀ o! Ọ̀tá la fẹ́ ṣá o, kì í ṣe kòkó la fẹ́ ká!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ mọ... Mo fẹ́ràn eré náà ju bí mo ṣe rò lọ. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣá òkúta mọ́ irin títí òwú á fi gbiná. Mo lọ bá àwọn àgbà ní Ìkirè-Ilé, mo bi wọ́n bí odi àtijọ́ ṣe ga tó, àti bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá dábùú ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀. Èmi ni mo fi ọparun àti imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ilẹ̀kùn odi tí a ń lò, ọwọ́ mi yìí ni mo fi so gbogbo okùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí eré náà ṣe ń lọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìdílé kọ̀ọ̀kan tí baba ńlá rẹ̀ jagun náà ló ń fa ọmọ tirẹ̀ kalẹ̀ láti dúró bí baba ńlá yẹn. Bó bá ti jáde, Télọ̀ á fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ki oríkì ìdílé rẹ̀, gbogbo èèyàn á sì mọ̀ pé ilé báyìí ló ṣe báyìí lójú ogun. Oríkì ni ẹ̀rí. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọn kì í kì, oníbodè, ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn odi, tó gba aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá tó sì yọ ọ̀pá ìdábùú fún wọn. Kò sí ọmọ ìlú tó gbà láti ṣe é. Mo rò pé ìtìjú lásán ni. Télọ̀ ní kí n bá wọn ṣe é, pé àlejò ni mí, kò kan ilé mi, oníbodè ò lórúkọ, kò sì ní oríkì. Mo gbà. Kí ló dé tí n kò fi ní gbà? Ọ̀rẹ́ mi ló bẹ̀ mí.

Lọ́jọ́ kan tí a ń jẹ iṣu sísun lẹ́yìn ìdánrawò, ó bi mí bí ìyàwó mi ṣe máa ń kì mí. Ó ní òun máa ń gbọ́ ọ láti ojúde nígbà ayé rẹ̀. N kì í sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún èèyàn, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Ó ní kí n tún un sọ. Ó kọ́ ọ títí ó fi mọ̀ ọ́n sórí. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti yọ lọ́nà pápá báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí. Mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ rọra rìn kó lè kì í tán kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. N kò ní kọ oríkì náà síbí, kí àwọn tó mọ̀ mí má baà dá mi mọ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ilé wa kì í kẹ̀yìn sí ẹni tó bá sá di wá.

Ìdílé ọmọkùnrin Gbọ̀ngán yìí ti wá tọrọ ọmọ mi, ìdána ló kù. Wọ́n ṣì ń wádìí wa, bí gbogbo ilé ṣe ń wádìí ara wọn, ṣé àrùn kan ò sí, ṣé olè ò sí, ṣé ọ̀dàlẹ̀ ò sí. Mo ní kí wọ́n wá wò mí láàárín àwọn èèyàn mi, kí wọ́n lè mọ̀ pé bí mo tiẹ̀ jẹ́ àlejò, mo ní ẹni.

Àná, ìbọn dún, èéfín bo pápá. Mo gba aṣọ, mo gba ìlẹ̀kẹ̀, mo yọ ọ̀pá, mo fa ilẹ̀kùn lulẹ̀. Nínú ìdánrawò, ohun tí Télọ̀ máa ń sọ níbẹ̀ kò ju "Oníbodè ṣílẹ̀kùn o!" lọ. Àná, kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá ní, "Ará ìlú, ẹ wo ilé tó tà wá!" Ó sì bẹ̀rẹ̀ oríkì mi... láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò fo ibì kankan. Ibi tí ìyàwó mi ti máa ń mí, ibẹ̀ ni òun náà ti mí. Mo dúró lórí ilẹ̀kùn tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, àwọn èèyàn ń hó pé "Ọ̀dàlẹ̀! Ọ̀dàlẹ̀!", ẹnì kan sì ń gbà á sínú fídíò. Nígbà tí mo fi máa dé abẹ́ kánọ́pì tí wọ́n jókòó sí, àwọn ará Gbọ̀ngán ti lọ. Oúnjẹ tí ọmọ mi gbé síwájú wọn, wọn ò ṣí i.

Bí mo ṣe ń bọ́ gbérí, awakọ̀ tó ń ṣe Balógun wá bá mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, dem don use una o, wọ́n ti lò yín. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Ilé Télọ̀ gan-an ni oníbodè yẹn ti wá. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ ṣe eré yìí, àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ yọ àdá, wọ́n ní ẹni tó bá ki oríkì ilé àwọn nídìí ilẹ̀kùn yẹn, àwọn máa ṣá a. Ìdí tí wọ́n fi wá yín lọ nìyẹn." Mo bi í pé òun náà mọ̀? Ó wolẹ̀. Ó ní òun rò pé wọ́n ti sọ fún mi ni.

Gbogbo wọn ló mọ̀... àwọn tí a jọ ń jẹ iṣu. Gbogbo wọn.

Mo lọ bá Télọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gáríbì. N kò jókòó. Ó ní, "Eré la ṣe, ọ̀rẹ́ mi. Eré lásán ni." Mo ní oríkì mi ńkọ́? Ó ń ká téèpù tó fi ń wọn aṣọ mọ́ ìka. Ó ní, "Wọ́n ń pe àwọn ọmọ mi ní ọmọ oníbodè ní iléèwé. Wọn ò fi bàbá mi joyè títí ó fi kú nítorí ẹ̀. Ìwọ ò ní ẹbí níbí tó máa bi ẹ́ léèrè. Bá mi gbé e díẹ̀." Bí ẹni pé ìdì igi ìdáná ni. Mo ní ọmọ tèmi ńkọ́? Ó tú téèpù náà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Mo wá bi í pé nígbà tó ní kí n kọ́ òun ní oríkì náà, ṣé ó ti mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe? Ká ní ó parọ́ fún mi, ǹ bá gbà á. Ó ní, "Mo ti mọ̀."

Nígbà tí mo délé, alárinà ti ń dúró dè mí, ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbọ̀ngán. Ó ní wọ́n ní ká fi ọ̀rọ̀ ìdána sílẹ̀ ná. Mo ṣàlàyé fún un pé nígbà tí bàbá mi fi máa dé ìlú yìí, ogun yẹn ti di ìtàn. Ó ní, "Bàbá, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n oríkì ni wọ́n fi etí wọn gbọ́ o. Tí kò bá jẹ́ ilé yín, ilé ta ni?" Ó ní tí mo bá lè sọ ilé náà fún wọn, tí wọ́n sì wádìí tí ó jẹ́ òótọ́, wọ́n lè tún ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó lọ. Ọmọ mi gbé oúnjẹ wá, ó dúró, ó wá rọra bi mí pé, "Bàbá mi, ṣé baba ńlá wa ló ṣe é lóòótọ́?" Ọmọ tèmi náà.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ sí Gbọ̀ngán kí n dárúkọ ilé Télọ̀? Ọmọ mi á rí ọkọ rẹ̀ fẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀gbọ́n Télọ̀ á gbọ́, ilẹ̀ wọn ni mo wà, ilẹ̀ wọn ni ìyàwó mi sùn sí, ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ ẹ́. Ṣé obìnrin yẹn ló yẹ kí n san irú èyí fún, àti àwọn ọmọ rẹ̀? Àbí kí n dákẹ́ bí mo ṣe máa ń dákẹ́, kí ọmọ mi wá máa jẹ orúkọ tí kì í ṣe tiwa? Ta ni kí n dà nínú wọn?

Láàárọ̀ òní, ọmọ mi wá kí mi. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ oríkì náà. N kò mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Ohùn ìyá rẹ̀ ni, kò yàtọ̀. Ó fẹ́ kí n mọ̀ pé òun ò gba ìlú gbọ́, mo sì mọ̀ pé ohun tó ń sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó ṣe dé ibi ẹni tó sá di wá, ariwo àná ni mo ń gbọ́. Mo jágbe mọ́ ọn pé kó dákẹ́. N kò jágbe mọ́ ọn rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó dìde, ó lọ sẹ́yìnkùlé. Mo mú àdá, mo lọ sí pápá iléèwé, mo gé ilẹ̀kùn náà wẹ́wẹ́, mo dì í, mo rù ú wálé. Òun ni ọmọ mi fi ń dáná báyìí tí mò ń kọ lẹ́tà yìí. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́la, tó bá kúnlẹ̀ tí kò kì mí mọ́, kí ni kí n sọ fún un?