Idà Yín Bà Mí, Mo sì Dákẹ́

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Òpópónà Ìdèpé,
                                        Òkìtìpupa.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá, 1971.

Ẹ̀gbọ́n mi Agatha, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Bùọ̀dá Lérè ńkọ́, ṣé iṣẹ́ rélùwéè kò gba gbogbo okun wọn? Olúwafẹ́mi ńkọ́, tí ẹ sọ pé ó ti ń fi èdè òyìnbó bá yín jiyàn? Mo mọ̀ pé òtútù á ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bo àyà yín dáadáa bí ẹ bá ń lọ síbi iṣẹ́ ní ọsibítù. Gbogbo wa wà láàyè níhìn-ín. Òjò kò tíì dá, ọ̀nà Ìlútítun sì bàjẹ́ débi pé ọkọ̀ tó kó epo bàbá mi há sínú ẹrẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Èmi ṣì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìṣirò, wọ́n sì ń bẹ̀rù mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo ti fà á ya. Ọ̀rọ̀ eré idà ni, ọ̀rọ̀ ọdún 1966 tí mo ń bá àwọn obìnrin ilẹ̀ òkèèrè díje láti ìlú dé ìlú. Gbogbo ìgbà lẹ máa ń ní kí n sọ ìtàn ìrìn àjò náà fún yín, díẹ̀díẹ̀ ni mo sì máa ń bù ún. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ẹ rántí ọjọ́ Sátidé tí a du àyè kẹrin. Ẹgbẹ́ wa ní Leeds fẹ́ rán obìnrin mẹ́rin jáde, wọ́n ti mú mẹ́ta, ó ku èmi àti ẹ̀yin. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gún ẹnìkejì lẹ́ẹ̀mẹrin ni yóò lọ. A di ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ wá ya sọ́tùn-ún, ẹ sì ti idà wọlé lábẹ́ apá mi. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ní kò bà mí, àwọn mẹ́ta yòókù ní àwọn kò rí i, nítorí apá mi ló bo ibẹ̀. Réfírì ní kí a máa bá eré lọ.

Ó bà mí. Ní ẹ̀gbẹ́ ìhà mi òsì ni, mo mọ̀ ọ́n lára bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ìka tọ́ mi. Ẹ mọ òfin tí ọ̀gá wa, bàbá ará Họ́ńgárì nì, kọ́ wa kí ó tó kọ́ wa bí a ṣe ń di idà mú: bí idà bá bà ọ́ tí adájọ́ kò rí i, ìwọ fúnra rẹ ni kó o gbé ọwọ́ sókè, kó o ní, “Ó bà mí.” Ẹ̀yin ti ń ká ìbòjú yín kúrò pàápàá, ẹ rò pé ó ti parí. Mo wò yín láti inú àwọ̀n irin tó bo ojú tèmi. N kò gbé ọwọ́ sókè. Ẹ dá ìbòjú yín padà, a tún dúró, ọkàn yín kò sì tíì balẹ̀ tí mo fi gún yín. Bí mo ṣe gba àyè náà nìyẹn.

Ohun tí ẹ ṣe lẹ́yìn náà ló burú jù fún mi. Ẹ dì mọ́ mi, ẹ ní, “Dora, bí ọ̀kan nínú wa bá ti lọ, àwa méjèèjì la lọ.” Ẹ bọ́ kóòtù yín tó nípọn fún mi, nítorí tèmi kò gba òtútù. Ẹ fi ọwọ́ ara yín rán ibi tó ya lára ẹ̀wù funfun tí mo fi ń díje. Mo ń wo abẹ́rẹ́ yín bó ṣe ń wọlé tó ń jáde, mo sì ń sọ fún ara mi pé tí n bá padà dé, n ó sọ fún yín.

Ní Párísì, nínú oṣù kìíní, mo borí ẹni méjì nínú márùn-ún. Àwọn ènìyàn ń wò mí bí ohun tí wọn kò rí rí, ṣùgbọ́n wọ́n pàtẹ́wọ́. Ní Turin mo dé ìpele kẹta, ọ̀gá wa sì jó níwájú gbogbo ènìyàn pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé mo ti gbàgbé.

A wá dé Warsaw nínú oṣù kẹrin. Ẹ̀rọ tó máa ń tan iná bí idà bá kan ènìyàn kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ojú ni àwọn adájọ́ fi ń wò ó bíi ti Leeds. Ọmọ ìlú náà kan ni wọ́n ní kí n bá díje, Danuta lorúkọ rẹ̀, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Àwa náà di ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo ti idà, ó dà bí ẹni pé ó bà á léjìká, ṣùgbọ́n kò dá èmi fúnra mi lójú. Kò sí adájọ́ kankan tó rí i. Ọmọ náà dúró. Ó bọ́ ìbòjú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé èjìká, ó sì sọ fún réfírì pé ó ba òun. Réfírì tún bi í léèrè, bóyá ó rò pé kò gbọ́ òfin dáadáa. Ó ní, bẹ́ẹ̀ ni, ó ba òun. Bó ṣe jáde nínú ìdíje nìyẹn, ní ìlú rẹ̀, lójú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ti hewú dìde láàárín èrò, ó ń pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n ní bàbá rẹ̀ ni. Danuta wá bọ̀ mí lọ́wọ́. N kò lè wo ojú rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ọwọ́ mi kò yá mọ́. Ní Vienna, níbi tí a ti parí, n kò borí ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀gá wa pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, “Dora, apá rẹ dá ṣáṣá. Kí ló ń ṣe ọ́?” Mo ní òtútù ni. Bàbá yẹn fún mi ní tíì gbígbóná. Nígbà tí ẹ kọ̀wé ní èṣín pé ó ti kú, mo wọ yàrá lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Àwọn ará ilé rò pé mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ ni.

Ẹ wá pàdé mi ní ibùdókọ̀ ojú irin lọ́jọ́ tí mo dé. Mo ti tò ó lẹ́nu tán. Kí n tó la ẹnu, ẹ ní Bùọ̀dá Lérè ti sọ pé àwọn fẹ́ fẹ́ yín, ẹ sì ti fi ẹgbẹ́ eré idà sílẹ̀, pé àwọn ọmọdé ni kó máa ṣe é. Ayọ̀ wà lójú yín. Mo sọ fún ara mi pé kí n má bà á jẹ́. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo sì wà níbẹ̀ fún ọdún méjì sí i kí n tó wálé, n kò sọ ọ́.

Kí ló dé tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí? Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo lọ sí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì Màmá yín ní Òde-Ìrèlè. Lẹ́yìn ìsìn, Màmá mú àwòrán mi kan jáde, èyí tí mo di idà mú, wọ́n ń fi han àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé báwo ni àbúrò ṣe lè borí ẹ̀gbọ́n. Màmá ní, “Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Agatha kọ̀wé sí mi nígbà náà. Ó ní òtítọ́ ni Dora fi borí òun, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun mìíràn.”

N kò mọ̀ rí pé ẹ kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

Mo tẹ̀lé Màmá lọ sí ilé ìdáná. Wọ́n ń ro pupuru lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọn kò dá ọwọ́ dúró. Wọ́n ní, “Agatha mọ̀?” Mo ní rárá. Mo ní kí wọ́n bá mi sọ fún yín, kí wọ́n bá mi bẹ̀ yín. Wọ́n sọ omorogùn kalẹ̀, wọ́n wò mí. “Èmi kọ́, Dora. Ẹnu tí o fi dákẹ́ náà ni kó o fi bẹ̀ ẹ́.”

Wọ́n bu oúnjẹ fún mi, n kò lè jẹ ẹ́. Wọ́n sì sin mí dé ibi ọkọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ lọ. Ẹ mọ idà lò jù mí lọ, gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ̀. Bóyá ẹ̀yin ì bá ti dé ibi tí èmi kò dé. Bóyá ẹ kì bá tí fi eré náà sílẹ̀. N kò lè dá oṣù márùn-ún yẹn padà fún yín. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ kò pàdánù lọ́jọ́ Sátidé náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Màmá ní ẹ ń bọ̀ nílé nínú oṣù Kejìlá. N ó wà ní gáréèjì lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá wò mí tí ẹ sì kọjá lọ, n kò ní bínú.

Ìyá mi ń kí yín, Benedict àbúrò mi náà ń kí yín. Ẹ bá mi gbé Olúwafẹ́mi mọ́ra. Ẹ kí Bùọ̀dá Lérè. Bí wọ́n bá bèèrè ohun tó wà nínú lẹ́tà yìí, ẹ kà á sókè fún wọn. N kò fẹ́ kí ẹ bá mi bo ohunkóhun.

Èmi ni àbúrò yín tí ojú ń tì,

Dora Mojọlá.