Irin Ìdí Gìtá Béèsì

Waisale àbúrò mi,

Mo kí ìwọ, ìyàwó rẹ àti ọmọ tuntun tí a ò tíì fojú rí. Ẹ kú òtútù Dunedin. Ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́, kókò wa náà sì ta dáadáa.

Ní Sátidé, mo tú irin tí okùn so mọ́ ní ìdí gìtá béèsì ìjọ. Iyọ̀ òkun ti jẹ ẹ́, gbogbo síkúrúù rẹ̀ ti dógùn-ún. Ìdí nìyẹn tí ohùn fi ń ṣì bí ọwọ́ bá ti gòkè lórí okùn. Mo fi tuntun sí i, mo ń yí síkúrúù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ohùn fi gún régé. Ọwọ́ mi mọṣẹ́, mi ò purọ́!

Màmá gbọ́ ọ, wọ́n ní, "Ṣé irin yìí lo torí ẹ̀ bú ọmọ mi?"

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Nígbà tí ohùn gìtá yìí ń ṣì lọ́wọ́ rẹ, èmi ni mo pariwo níwájú gbogbo ẹgbẹ́ akọrin pé, "Omi òkun ló kún etí ẹ!" O gbé gìtá sílẹ̀, o ò sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí o fi lọ. Òkun ló jẹ̀bi lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe etí rẹ ló wọ̀. Etí tèmi ló di. Má bínú.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ilé rẹ. Ra okùn béèsì mẹ́rin bọ̀ ní Kérésì. Mo ti sọ fún ẹgbẹ́ akọrin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan gìtá náà kí o tó dé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Apisai